Ọkọ̀ Agbómi Àti Iná Ìgboro: Ibo Ni Omi Yóò Ti Wá?

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún jókòó láti ro ohun tí a lè fi ṣe ìrántí fún ilé-ìwé wa, ọ̀rọ̀ iná wọ àárín ìpàdé. Ẹnì kan dábàá pé kí a ra agolo ìpaná sí ilé tí àwọn ọmọ ń sùn. Ẹlòmíràn ní àbá náà dára, ṣùgbọ́n bí iná bá ju èyí tí agolo lè pa lọ, àwọn panápaná ni a ó ké sí. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń gbé nínú ọgbà wá béèrè pé: “Bí ọkọ̀ wọn bá dé, tí omi inú rẹ̀ sì tán, ibo ni wọn yóò ti bu òmíràn?” Gbogbo wa dákẹ́. Ìbéèrè ìyá yìí ni ó bí àròkọ yìí.

A kò kọ ọ́ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. A kọ ọ́ nítorí pé ìtàn àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ń pèsè omi fún iná ìgboro kún fún ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ náà sì kan Àkúrẹ́ àti Oǹdó gẹ́gẹ́ bí ó ti kan àwọn ìlú ńlá òkè òkun. Ẹ̀kọ́ náà kò gùn: kò sí ọkọ̀ panápaná tí agbára rẹ̀ ju ti ibi tí ó ti ń pọn omi lọ.

Láti orí garawa dé orí ẹ̀rọ

Àwọn tí wọ́n gbé inú ọgbà ilé-ìwé nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé kò lè gbàgbé ìlà àwọn ọmọ tí ń ti odò bọ̀ ní kùtùkùtù, garawa lórí. Bí iná bá ṣẹ́ yọ ní ilé ìdáná, ìlà ni a ń tò pẹ̀lú. Ẹni tí ó wà lẹ́bàá omi yóò bu, ẹni tí ó tẹ̀ lé e yóò gbà, títí garawa yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí ó kọjú sí iná. Bẹ́ẹ̀ ni aráyé ṣe ń pa iná fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí korobá oní-lítà 10 kan bá ń dé iwájú iná ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin-mẹ́rin, korobá 15 ni yóò dé láàárín ìṣẹ́jú kan, èyíinì ni lítà 150. Ẹnu rọ́bà panápaná kan ṣoṣo lè tú lítà 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde láàárín ìṣẹ́jú kan náà, yóò sì ju omi náà dé ibi tí ooru kò ní jẹ́ kí ènìyàn sún mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi wá ẹ̀rọ lọ.

Ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Olúwa wa, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ctesibius ti ṣe ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ kí omi lè tú jáde pẹ̀lú agbára. Ní Amsterdam, ní nǹkan bí ọdún 1672, ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Jan van der Heyden rán awọ pọ̀ di ọ̀nà omi gígùn tí ó ṣeé tẹ̀, tí ó sì lè bá panápaná wọ inú ilé. Òun ni baba rọ́bà panápaná ti òní. Ní 1829, ní London, Braithwaite àti Ericsson ṣe ẹ̀rọ ìpaná tí agbára omi híhó ń mú ṣiṣẹ́. Ẹṣin ni ó ń fà á kiri. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ti ń lágbára sí i ni òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ sí i. Ẹ̀rọ tí ó lè mu kànga kan gbẹ kí àwọn ènìyàn tó parí àdúrà kúkúrú, ó di dandan kí a wá omi tí kì í tán fún un.

Àwọn ìlú ńlá wá ri páìpù irin mọ́ abẹ́ títì, wọ́n sì fi ẹnu irin sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti ibi kan dé ibi kan. Ẹnu irin yìí ni a ó máa pè ní ẹnu omi panápaná nínú àròkọ yìí. Panápaná yóò dé, yóò ṣí i, yóò so rọ́bà mọ́ ọn, omi ìlú yóò sì máa ṣàn wá láìdáwọ́ dúró. Níbi tí ètò yìí bá ti ń ṣiṣẹ́, kò di dandan kí ọkọ̀ panápaná gbé omi púpọ̀. Omi inú rẹ̀ kò ju èyí tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó so rọ́bà mọ́ ti ìlú.

Nígbà tí páìpù já

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1906, ilẹ̀ mì tìtì ní San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ìmìtìtì náà wó ilé púpọ̀, ṣùgbọ́n iná tí ó tẹ̀ lé e ni ó jẹ ìlú náà run. Páìpù ti já lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn panápaná ṣí ẹnu omi, wọn kò rí omi tí ó tó. Ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí iná fi ń jó. Nǹkan bí ilé 28,000 ni ó parun, nǹkan bí ènìyàn 3,000 ni ó sì kú. Àwọn panápaná ìlú náà kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣàìní ẹ̀rọ. Omi ni wọn kò ní.

San Francisco kò gbàgbé. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ri ọ̀wọ́ páìpù kejì mọ́lẹ̀, fún iná nìkan, tí agbára omi rẹ̀ ju ti páìpù ilé lọ. Wọ́n tún gbẹ́ àgbá omi ńlá sí abẹ́ àwọn oríta, kí ó lè jẹ́ pé bí gbogbo páìpù bá tún já, omi yóò ṣì wà ní ibi tí ọwọ́ lè tó o. Títí di òní, ìlú náà ń lo ètò yìí.

London kọ́ irú ẹ̀kọ́ kan náà nígbà ogun àgbáyé kejì. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 1940, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù ìdáná lé àárín ìlú náà. Bọ́ǹbù já páìpù. Odò Thames sì ti fà sẹ́yìn gidigidi ní alẹ́ ọjọ́ náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi nira láti fa omi rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n sọ àjà ilẹ̀ àwọn ilé tí bọ́ǹbù ti wó di adágún omi. Wọ́n to páìpù irin sí orí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n sì gbé àgbá aláṣọ tàpólì sí orí ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n rọ omi kún un, wọ́n ń gbé e lọ sí ibi tí iná bá wà. Ohun tí ó jọ táńkà omi tí a mọ̀ lónìí nìyẹn: ìlú tí kò lè gbẹ́kẹ̀ lé páìpù rẹ̀ mọ́ ni ó sọ omi di ẹrù ọkọ̀.

Ọkọ̀ tí ń gbé omi àti ọkọ̀ tí ń ti omi

Láti ìgbà náà, oríṣi ọkọ̀ omi ńlá méjì ni ó wà, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkínní ń gbé omi sínú. Èkejì kì í gbé omi lọ títí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa omi láti odò tàbí adágún, kí ó sì tì í gba inú rọ́bà gígùn lọ sí ibi tí iná ń jó.

Láàárín 1953 sí 1956, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí àwọn ènìyàn sọ ní Green Goddess. Ẹ̀rù bọ́ǹbù átọ́míìkì ni ó ń bà wọ́n. Wọ́n rò ó pé bí bọ́ǹbù bá ba páìpù ìlú jẹ́, ọkọ̀ wọ̀nyí yóò tò tẹ̀ lé ara wọn láti etí odò: èkínní yóò fa omi, yóò tì í sí èkejì, èkejì yóò tì í sí ẹ̀kẹta, títí omi yóò fi dé ìgboro. Ẹ wò ó dáadáa, ìlà garawa wa ni èyí. Ọkọ̀ ni ó gba ipò ọmọ, rọ́bà gba ipò garawa.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni Super Pumper ti New York, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1965. William Francis Gibbs, ẹni tí ó ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi ńlá tí ń jẹ́ United States, ni ó gbèrò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Napier Deltic tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ní agbára ẹṣin 2,400. Ọkọ̀ yìí lè ti gálọ̀nù Amẹ́ríkà 8,800 láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó ju lítà 33,000 lọ. Bí a bá fún un ní omi táńkà oní-lítà 10,000, yóò mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 18. Nítorí náà, ẹnu omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ó ń fa omi láti inú wọn, tàbí kí ó fa omi òkun tí ó yí ìlú náà ká. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń bá a rìn láti gbé rọ́bà àti ẹnu ìtú-omi ńlá. Ó ṣiṣẹ́ títí di 1982. New York lè lò ó nítorí pé New York ní omi tí yóò fún un mu. Bí a bá gbé ọkọ̀ kan náà sí ìlú tí páìpù rẹ̀ gbẹ, irin lásán ni yóò jẹ́.

Ní ìgbà tiwa, àwọn panápaná Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀rọ ńlá tí ó lè ti nǹkan bí lítà 7,000 láàárín ìṣẹ́jú kan gba inú rọ́bà tí ó gùn tó kìlómítà mélòó kan. Wọ́n lò ó nígbà tí ibùdó epo Buncefield gbiná ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 2005. Ní 2007, nígbà tí ìkún omi dé, irú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi fa omi kúrò ní ibùdó iná mànàmáná Walham nítòsí Gloucester. Ẹ̀rọ tí ó lè mú omi wá lè mú omi lọ pẹ̀lú.

Ní ilẹ̀ tiwa

Ní Èkó, ní 1901, ni a ti dá iṣẹ́ panápaná sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, abẹ́ àwọn ọlọ́pàá ni ó sì wà nígbà náà. Òfin tí ó fi ìdí iṣẹ́ panápaná ìjọba àpapọ̀ múlẹ̀ jáde ní 1963. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, pípa iná ìgboro di ọ̀kan nínú ẹrù tí ìpínlẹ̀ tuntun ní láti gbé. Ìlú ń gbòòrò láti ìgbà náà wá. Ilé ti kọjá Ìjọkà, ó ti dé Ọbá-Ilé. Ní ìlú Oǹdó, ibi tí a mọ̀ sí oko kòkó ti di àdúgbò. Páìpù omi kò bá ilé sáré dọ́gba. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ẹnu omi panápaná tí àwọn ìran ìṣáájú rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì ti gbẹ, òmíràn ti wọ abẹ́ ọ̀dà, òmíràn sì ti wà nínú ọgbà ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní ọ̀dọ̀ wa, táńkà omi kì í ṣe olùrànlọ́wọ́ ẹnu omi panápaná. Òun fúnra rẹ̀ ni ẹnu omi náà.

Àwa ọmọ Oǹdó ní ìdí pàtàkì láti rántí Ilé Kòkó ní Ìbàdàn. Owó kòkó ni a fi kọ́ ọ, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ti ìwọ̀-oòrùn wà lábẹ́ ìjọba ẹkùn kan, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa sì wà lára àwọn tí wọ́n rú ẹrù kòkó náà lọ sí ọjà. A parí rẹ̀ ní 1965, ilé alájà 26 tí ó ga ní nǹkan bí mítà 105. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, iná jó o. Ó di 1992 kí a tó tún un ṣe tán, kí a sì tún ṣí i. Ilé tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí ó dúró nílẹ̀ kò lè ju omi dé orí rẹ̀. Ní gbogbo mítà 10 tí omi bá gùn sókè, ẹ̀rọ ní láti fi agbára tuntun kún ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí ń gba irú ilé bẹ́ẹ̀ là ni páìpù tí a ti kọ́ mọ́ inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, àti omi tí a ti tọ́jú sí ìtòsí kí iná tó dé. Bí a bá dúró di ọjọ́ iná, ó ti pẹ́.

Èyí tí ó súnmọ́ wa jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí. Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, nígbà tí ìdìbò gómìnà ku oṣù kan géérégé, iná ṣẹ́ yọ ní ọ́fíìsì àjọ elétò ìdìbò INEC. Ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ káàdì ìdìbò wò tí ó jóná jẹ́ 5,141. Àjọ náà rí ẹ̀rọ mìíràn kó wá, ìdìbò sì wáyé ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá gẹ́gẹ́ bí a ti ṣètò rẹ̀. Ẹ̀rọ ṣeé rọ́pò. Àwọn tí ń sùn nínú ilé ìgbé ilé-ìwé wa kò ṣeé rọ́pò.

Ìṣẹ́jú méjìlá

Ó yẹ kí a mọ bí táńkà omi ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè bínú sí ẹni tí ń ràn án lọ́wọ́. Lítà omi kan wọn kílò kan. Táńkà tí ó gbé lítà 10,000 ti gbé tọ́ọ̀nù 10 ní omi nìkan, láìka irin ara rẹ̀. Omi kì í sì jókòó jẹ́ẹ́ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, omi yóò ya lọ síwájú. Bí ó bá ṣẹ́ kọ́nà, omi yóò fì sí ẹ̀gbẹ́, ó sì lè dojú ọkọ̀ dé. Nítorí èyí ni a fi ń fi irin pẹlẹbẹ oníhò gé inú táńkà sí yàrá-yàrá, kí omi má baà lè rọ́ gììrì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ẹ bá rí táńkà panápaná tí ó rọra ṣẹ́ kọ́nà ní Arákàlẹ̀ bí ó tilẹ̀ ń fọn fèrè, kì í ṣe pé awakọ̀ rẹ̀ kò bìkítà. Ó fẹ́ kí omi náà dé ni.

Tí ó bá wá dé ńkọ́? Bí wọ́n bá na rọ́bà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú lítà 400 láàárín ìṣẹ́jú kan, lítà 10,000 yóò tán láàárín ìṣẹ́jú méjìlá ààbọ̀. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ní láti lọ pọn omi. Bí ìrìn àlọ bá gba ìṣẹ́jú 10, tí pípọn gba 10, tí ìrìn àbọ̀ gba 10, iná ti ní ìdajì wákàtí láti tún gbéra sọ. Iná tí a ti pa dé ìdajì kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ibí yìí ni ìbínú ti máa ń wọlé. Àwọn ènìyàn yóò rí ọkọ̀ tí ó ṣẹ́rí padà nígbà tí ilé ṣì ń jó, wọn yóò ní ó sá, tàbí wọn yóò ní omi kò sí nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní onírúurú ìlú, a ti sọ òkò lu àwọn panápaná nítorí èyí. Lóòótọ́, bí ọkọ̀ bá pẹ́ kí ó tó dé, tàbí tí ó bàjẹ́ lọ́nà, ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣèjọba. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó lọ pọn omi kò sá. Ẹni tí ó bá fọ́ gíláàsì rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá omi dúró.

Ètò tí ó dára ni kí táńkà pọ̀ tó láti máa gba ipò ara wọn. Bí iná bá ń mu lítà 800 ní ìṣẹ́jú kan, tí ìrìn àlọ àti àbọ̀ sì jẹ́ ìdajì wákàtí, yóò mu lítà 24,000 kí ọkọ̀ kan tó lọ, kí ó sì tó bọ̀. Nítorí náà, yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí ó lọ, táńkà oní-lítà 10,000 mẹ́ta mìíràn ni ó kéré jù tí kò ní jẹ́ kí omi já. Ní òkè òkun, wọ́n ń ta àgbá aláṣọ tí ó ṣeé ká sí ẹ̀gbẹ́ ibi iná. Táńkà yóò dé, yóò da omi rẹ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì yí padà lójú ẹsẹ̀ láìdúró de ẹni tí ń di rọ́bà mú.

Ṣùgbọ́n níbo ni wọn yóò ti pọn ọ́n? Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ lè fa omi odò, bí odò bá súnmọ́ títì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì jìn ju nǹkan bí mítà méje lọ. Èyí kì í ṣe àìlera ẹ̀rọ. Bí Ọlọ́run ti dá afẹ́fẹ́ ni, kò sí ẹ̀rọ tí ó lè fi fífà nìkan gbé omi kọjá nǹkan bí mítà 10. Odò Ọwẹ̀nà wà láàárín Àkúrẹ́ àti Oǹdó, odò Àlà sì gba Àkúrẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ bá mú tí gbogbo nǹkan gbẹ háúháú, ni iná ń pọ̀ jù, ìgbà náà gan-an sì ni omi odò ń dínkù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní kànga ẹ̀rọ wà nínú ọgbà. Ẹ jẹ́ kí a tún ṣírò. Orí àpáta líle ni Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà, gẹ́gẹ́ bí òkè Ìdànrè ti fi hàn wá, kànga ẹ̀rọ orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì sábà mú omi púpọ̀ wá. Bí ọ̀kan bá ń mú lítà 60 jáde láàárín ìṣẹ́jú kan, yóò gbà á tó wákàtí mẹ́ta dín díẹ̀ láti rọ omi kún táńkà oní-lítà 10,000 kan ṣoṣo. Tí iná mànàmáná bá sì lọ, kò ní sí omi rárá. Kànga ẹ̀rọ kò lè pa iná; omi tí kànga ti rọ sínú àgbá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó lè pa á.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa

Ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá yẹn nìyí: omi tí yóò pa iná ní ọgbà wa gbọ́dọ̀ ti wà ní ọgbà wa kí iná tó ṣẹ́. A kò lè tún gbogbo páìpù ìlú ṣe, bí ó tilẹ̀ yẹ kí a máa rán àwọn aláṣẹ létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé kí ẹ̀bùn àjọ̀dún yìí jẹ́ àgbá omi oní-lítà 20,000, fún iná nìkan, pẹ̀lú páìpù ńlá ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ọkọ̀ panápaná lè so rọ́bà mọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí a tó rà á, a ó bẹ àwọn òṣìṣẹ́ panápaná láti wá wo ẹnu páìpù náà bóyá ó bá rọ́bà wọn mu, àti láti wo ẹnu ọ̀nà ọgbà bóyá ọkọ̀ wọn lè gbà á wọlé.

Òjò ni yóò kún un. Mílímítà òjò kan lórí òrùlé tí ó fẹ̀ ní mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé ilé ìgbé kan tí ó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 300 yóò fi nǹkan bí mílímítà 67 kún àgbá náà. Òjò ńlá mélòó kan ní oṣù kẹfà tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí a ti ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má fi fọ aṣọ, kí ó lè kún títí ọyẹ́ yóò fi dé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ kan náà kan ilé yín. Bí iná bá ṣẹ́, ẹ kó ènìyàn jáde, ẹ tètè pe 112, ẹ sì sọ orúkọ àdúgbò àti ohun tí ó wà nítòsí tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà tàbí ilé-ìwé. Ẹ sọ bí omi bá wà nítòsí. Ẹ rán ẹnì kan sí ẹnu títì láti júwe ọ̀nà. Ẹ kó ọkọ̀ yín kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ má ṣe da omi lé epo bẹntiróòlù tí ń jó tàbí wáyà tí iná mànàmáná ṣì wà nínú rẹ̀. Epo yóò léfòó lórí omi, yóò sì gbé iná lọ sí ibòmíràn.

Nínú Ìwé Mímọ́, a kà nípa Ísáákì tí ó tún àwọn kànga tí baba rẹ̀ gbẹ́ gbẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ẹlòmíràn ti fi erùpẹ̀ dí wọn. Kò jókòó máa bú àwọn tí ó dí wọn. Ó gbẹ́ wọn, agbo ilé rẹ̀ sì rí omi mu. Àwọn tí wọ́n dá ilé-ìwé wa sílẹ̀ gbẹ́ kànga tiwọn ní ìgbà tiwọn, àwa sì mu nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í dúró de òùngbẹ kí a tó gbẹ́ kànga. Ní ìgbà kan, àwa tí a jẹ́ ọmọ tò ní ìlà, a sì ń gba garawa lọ́wọ́ ara wa. Ìlà náà ṣì wà, ó sì kan àwa àgbà wàyí. Kí olúkúlùkù gba ti ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì nà án sí ẹni tí ó tẹ̀ lé e.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí ọjọ́ tí a ó lo àgbá náà. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ náà bá dé, kí ó bá a ní kíkún.